Ẹ jẹ́ ká máa dá ẹjọ́ géèmù lọ́kọ̀ọ̀kan

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìrònú. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín, níbi tí wọ́n ti ní kí gbogbo òbí kó géèmù ọmọ wọn lọ dà sí ààtàn torí pé iṣẹ́ èṣù ni gbogbo ẹ̀ pátá. Àgbà ni wọ́n, mi ò ní bá wọn fà á, wọ́n á ti rí nǹkan kan kí wọ́n tó gbé bírò. Àmọ́ ẹ dákun ẹ bá mi bi wọ́n léèrè: èwo nínú ẹ̀? Torí pé èmi ní ṣọ́ọ̀bù géèmù rí ní Lágere níbí, Ilé-Ifẹ̀, látìgbà kásẹ́ẹ̀tì tá a máa ń fẹnu fẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ títí dìgbà PS4 (PlayStation ti Sony), mo rí ọmọ yunifásítì tó gbàgbé pé òun ní ìdánwò, mo rí nọ́ọ̀sì tó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ tó ya wá gbá bọ́ọ̀lù kan péré kó tó relé lọ sùn, mo rí bàbá tó mú pàṣán wá ọmọ ẹ̀ wá tó padà jókòó tì í, tó ní kí wọ́n fún òun náà ní páàdì. Ẹni tó bá ti dúró sẹ́yìn àwọn tó ń gbá géèmù pẹ́ bẹ́ẹ̀ á mọ̀ pé ohun tí kálukú wọn ń ṣe fún èèyàn yàtọ̀ síra.

Ohun méjì ni mo fi ń dá ẹjọ́ tèmi, mi ò kà á nínú ìwé kankan, ṣọ́ọ̀bù ló kọ́ mi. Ìkíní, tẹ́ni tó ń gbá a bá pàdánù, ṣé ó mọ ohun tóun ṣe tóun fi pàdánù? Ìkejì, tó bá pàdánù tán, kí ni géèmù yẹn sọ fún un, ṣé ó ní "ó yá, tún un ṣe" ni, àbí ó ní "mówó wá"? Èyí tó bá yege nínú méjèèjì, kódà kí ìbọn wà nínú ẹ̀, mi ò rí nǹkan bàbàrà tó fẹ́ fi ṣe ẹni tọ́jọ́ orí ẹ̀ bá ti tó o. Èyí tó bá fìdí rẹmi nínú méjèèjì, kódà kó jẹ́ súwíìtì aláwọ̀ mèremère ló kún inú ẹ̀, ẹ sá fún un. Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ síbẹ̀.

Tetris. Baba ńlá wọn ni. Ará Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Alexey Pajitnov ló ṣe é ní Moscow lọ́dún 1984, ìgbà tí Soviet Union ṣì wà nílẹ̀. Àwa níbí mọ̀ ọ́n sí bíríkì géèmù, nǹkan pẹlẹbẹ kan tó ń lo bátìrì, tí wọ́n kọ 9999 in 1 sí lójú, irọ́ gbuu sì ni 9999 yẹn, díẹ̀ ni géèmù inú ẹ̀, wọ́n kàn ń yí i po ni. Oríṣi bíríkì méje péré, àpótí kéékèèké mẹ́rin ló para pọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń já bọ́ látòkè, ìwọ ń tò wọ́n, ìlà tó bá kún á parẹ́, ó tán. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀ rárá, kò sẹ́ni tó pa ọ́, ọwọ́ ẹ lo fi to ilé ẹ bàjẹ́, gbogbo àṣìṣe tó o ṣe ló dúró síwájú ẹ tó ń wò ọ́. Ní ìparí 2023, ọmọ ọdún 13 kan ní Amẹ́ríkà gbá ti ilé iṣẹ́ Nintendo tó jáde ní 1989 títí géèmù fúnra ẹ̀ fi dákú, kò tún lè ju bíríkì kankan sílẹ̀ mọ́, kò sì sí ọmọ èèyàn kankan tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ tó ń gbá Tetris, ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ẹ kàn bá a pa iná tó bá ti di òru.

Super Mario Bros ti 1985 náà yege. Ẹ wo sítéèjì àkọ́kọ́ dáadáa, kò sí ìwé, kò sí àlàyé, nǹkan kékeré kan ń rìn bọ̀ wá bá ọ, tó o bá dúró o kú, tó o bá fò o yè, o ti kẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn kó o tó sáré mí lẹ́ẹ̀mejì, tíṣà wo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ayé mẹ́jọ ló ní, sítéèjì mẹ́rin-mẹ́rin nínú ayé kọ̀ọ̀kan, tó o bá sì parí ayé kan báyìí wọ́n á ní ọmọ ọba tó o wá wá ò sí níbí, ó wà ní ààfin míì. Ọ̀rọ̀ yẹn ti mú kí àgbàlagbà ju páàdì mọ́lẹ̀ níṣojú mi.

Contra, ti ilé iṣẹ́ Konami, èèyàn méjì ló ń gbá a pọ̀, ọta kan ṣoṣo tó bá bà ọ́, o ti lọ. Ó le jù fún ẹni tí ò mọ kọ́ọ̀dù. Kọ́ọ̀dù yẹn, òkè òkè, ilẹ̀ ilẹ̀, òsì ọ̀tún, òsì ọ̀tún, B, A, á fún ọ ní ẹ̀mí 30, àwọn ọmọ Ìlódè àti Ìrẹmọ mọ̀ ọ́n lórí ju ìlọ́po méje lọ. Duck Hunt, èyí tó ní ìbọn, ajá kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń yọjú láti inú koríko fi èèyàn rẹ́rìn-ín tó o bá tàsé. Mi ò fẹ́ràn ajá yẹn. Ìdájọ́ mi nìyẹn.

Ká wá dé ibi ìjà. Street Fighter II (Capcom, 1991) àti Mortal Kombat (1992). Ohun tí bàbá tó kọ̀wé rí nìyí, mo fura sí i, torí ẹ̀jẹ̀ inú Mortal Kombat ò kéré, wọ́n á fa ọkàn èèyàn yọ láyà, wọ́n á gbé e sókè. Tá a bá fẹ́ sọ òótọ́, gẹ́gẹ́ bí géèmù ìjà, kò tó Street Fighter, ìkúùkù àti ìpá àwọn òǹjà inú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán, àrà ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan àti bó ṣe ń pa èèyàn ló yàtọ̀. Nínú Street Fighter, ẹni mẹ́jọ ló wà tó o lè mú, tá a bá yọ Ryu àti Ken tó jọra kúrò, kò sí ẹni tó ń jà bí ẹnìkejì ẹ̀, Zangief wúwo, ó ń gbé èèyàn sọ mọ́lẹ̀, Dhalsim ń na ọwọ́ bí ẹní fẹ́ gba ṣéńjì lọ́wọ́ kọ̀ndọ́tọ̀, Chun-Li ń fi ẹsẹ̀ jà. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n gbá ni wọ́n máa ń mú Blanka, wọ́n á kàn máa tẹ bọ́tìnì kan ṣáá kó máa gbé iná jáde lára. A mọ̀ yín.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí Mortal Kombat, torí ó kan ẹ̀yin òbí. Nígbà tó dé orí ẹ̀rọ inú ilé, Nintendo ní àwọn ò fẹ́ ẹ̀jẹ̀, wọ́n sọ ẹ̀jẹ̀ di òógùn, Sega ní tiwọn ẹ̀jẹ̀ á wà ṣùgbọ́n ẹ ó tẹ kọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó rí i. Ariwo sọ. Ní December 1993, àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà pe àwọn tó ń ṣe géèmù kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn, nígbà tó di 1994 àwọn ilé iṣẹ́ yẹn fúnra wọn dá ESRB sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń fi lẹ́tà sára páálí géèmù: E ni ti gbogbo ayé, T ni ti àwọn tó ti tó ọdún 13, M ni ti ọdún 17 sókè. Àwọn tó ṣe é gan-an ló sọ fún wa pé gbogbo ẹ̀ kọ́ ló wà fún ọmọdé! Àwa la ò rí lẹ́tà yẹn, torí pé sídíì tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ní Sábó, inú náílọ́nù ló wà, bébà fọ́tókọ́pì ni wọ́n fi bò ó, M yẹn ti ṣubú sọ́nà. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì o. Ẹ tẹ orúkọ géèmù náà, ẹ tẹ ESRB tẹ̀ lé e, kò ní jẹ dátà yín.

Snake orí Nokia. 1997 ló kọ́kọ́ jáde, àmọ́ àwa níbí, GSM ò tíì dé nígbà yẹn, 2001 ló dé, ìgbà tí 3310 wọ̀lú ni gbogbo ayé di ọlọ́mọ ejò. Ó dáa. Ó tẹ́ni lọ́rùn, bátìrì ò sì ń kú.

Ó wá di orí Winning Eleven, tí wọ́n padà ń pè ní PES, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí láyè díẹ̀ níbí torí òun ló fi oúnjẹ sí ẹnu mi. Kò sí géèmù bọ́ọ̀lù kankan tó tó PES orí PS2, mo sọ ọ́, mo tún un sọ. PS2 jáde ní 2000, èyí tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù 150 káàkiri ayé, ìbẹ̀rẹ̀ 2013 ni ìròyìn jáde pé Sony ò ṣe é mọ́, ṣé ẹ rò pé ìyẹn kàn wá ní Ifẹ̀? Wọ́n ṣì ń gbá a ní Parakin, ní Ọ̀pá, ní Mayfair, tífí bàǹtù-bàǹtù, páàdì tí wọ́n ti fi okùn so, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níta. Ìdí tó fi dáa ni pé ọwọ́ ẹ ló ń sọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Bọ́tìnì tó o fi ń ta á sí góòlù, bó o bá ṣe tẹ̀ ẹ́ pẹ́ tó ló ṣe máa lágbára tó, ìlà kékeré kan á máa gùn nísàlẹ̀, tó o bá tẹ̀ ẹ́ kéré, bọ́ọ̀lù á yí gbirigbiri dé ọwọ́ gólì, tó o bá tẹ̀ ẹ́ jù, bọ́ọ̀lù á bá ọ̀nà Iléṣà lọ. O ò lè sọ pé wọ́n yan ọ́ jẹ. O lè bínú o, àwọn kan ti bínú dé bi pé wọ́n ò sanwó mi, ṣùgbọ́n nínú ikùn wọn wọ́n mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Àbùkù ẹ̀ ni Inter Milan. Nínú èyí tó jáde ní 2005, Adriano wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì tó ń ta bọ́ọ̀lù bí ọ̀kò, Ọbáfẹ́mi Martins tiwa sì wà níwájú pẹ̀lú eré sísá, ẹ fojú inú wò ó, ẹni tó bá ti mú Inter, ó kàn ń ju bọ́ọ̀lù gígùn sí Martins ni, kò sí difẹ́ǹdà tó lè lé e bá. Inú mi dùn pé ọmọ wa ló ń dà wọ́n láàmú, ṣùgbọ́n ó ń ba géèmù jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi òfin dè é ní ṣọ́ọ̀bù: kò sáyè Inter Milan lọ́jọ́ Sátidé. Àbùkù kejì, Konami ò rí ẹ̀tọ́ orúkọ gbogbo kílọ́ọ̀bù rà, nínú ẹ̀dà míì Chelsea di London FC, Liverpool di Merseyside Red, ó wá kù sọ́wọ́ àwọn ọmọ tó gbọ́ kọ̀ǹpútà láti máa tún orúkọ ṣe. Ìyẹn ò dun ẹnikẹ́ni, gbogbo wa la mọ ẹni tó ń gbá a.

eFootball, ohun tí Konami sọ PES dà ní 2021? Ó jáde láìjinná. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù ń yí sódì, réfìrí ń ṣe bí ẹni tó mu ògógóró, gbogbo ayé fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti ń tún un ṣe látìgbà yẹn, ó ti sàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe PES tí mo mọ̀.

FIFA ti ilé iṣẹ́ EA bẹ̀rẹ̀ ní 1993, FIFA 23 ló jẹ́ orúkọ yẹn kẹ́yìn, torí EA àti àjọ FIFA ò gbọ́ra wọn yé mọ́, ó wá ń jẹ́ EA Sports FC látorí èyí tó jáde ní 2023. Méjì ni ìdájọ́ mi lórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ lẹ jókòó síra yín, tẹ́ ẹ gbé Arsenal àti Real Madrid, ó dáa gan-an, ó rẹwà, kílọ́ọ̀bù fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, orúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn torí pé mo jẹ́ ọmọ PES. Àmọ́ Ultimate Team inú ẹ̀, ibi tó o ti ń kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tìẹ jọ, ibẹ̀ ni mo ti dúró. O fẹ́ agbábọ́ọ̀lù gidi, wọ́n ní kó o ra páàkì, o ò mọ ẹni tó máa bọ́ síta nínú ẹ̀, ó lè jẹ́ Mbappé, ó lè jẹ́ ẹnì kan tí ìyá ẹ̀ nìkan mọ̀. Ìjọba Belgium wò ó ní 2018, wọ́n ní tẹ́tẹ́ lèyí, nígbà tó di January 2019 EA ò ta FIFA Points, owó inú géèmù tí wọ́n fi ń ra páàkì, níbẹ̀ mọ́. Níbí ńkọ́? Ọmọ ọlọ́dún 14 lè fi káàdì ATM bàbá ẹ̀ rà á lálẹ́ òní. Kò yege.

GTA San Andreas (2004). Àwọn tó ń bú u, ọ̀pọ̀ wọn ò tíì rí i. Àwọn tó ń yìn ín, ọ̀pọ̀ wọn ọmọdé ni, kò sì yẹ kí wọ́n rí i. Iṣẹ́ ńlá ni ní tòótọ́, ìlú mẹ́ta odindi pẹ̀lú ìgbèríko àti aṣálẹ̀ láàárín, CJ tó ń jẹ́ olórí eré tó bá jẹun jù á sanra, á máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, o ní láti gbé e lọ sí jíìmù tàbí kó máa sáré kó tó padà sípò, kò sí géèmù kankan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ara ẹ̀ M ni, olè, ìbọn, aṣẹ́wó, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù wá, mi ò kì í gbé e sí i fún. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn á ní àwọn kàn fẹ́ wa ọkọ̀ ni. Pẹ̀lú kọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé Math wọn, èyí tó ń gbé jẹ́ẹ̀tì jáde láti inú afẹ́fẹ́. Irọ́ ni, ẹ padà síléèwé.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ àmọ́ tó kàn wá ní Ifẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Civilization V, orí kọ̀ǹpútà ni, 2010 ló jáde, wọ́n wá fi kún un ní 2012 àti 2013. O máa mú orílẹ̀-èdè kan, o máa tẹ̀ ẹ́ dó látìgbà òkúta títí dé ìgbà tí wọ́n ń fò lọ sínú òfurufú. Askia ti Songhai wà níbẹ̀, Haile Selassie ti Ethiopia wà níbẹ̀, Shaka ti Zulu wà níbẹ̀. Ọmọ àbúrò mi tó ń kàwé ní OAU ló fi hàn mí, mo ní Yorùbá ńkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ fara balẹ̀ bọ̀ọ̀dá. Bá a ṣe ń lọ, a ṣàdédé kan ìlú kékeré kan tí wọ́n kọ Ife sí lórí. Ifẹ̀ Oòdáyé! Ẹ mọ ipò tí wọ́n fi sí? Ìlú aládàádúró kékeré, irú èyí tí ò lè kọ́ ìlú míì kún ara ẹ̀, tí ò lè borí láyé nínú géèmù yẹn, àwọn orílẹ̀-èdè ńlá kàn ń fún un ní góòlù kó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn ni. Ifẹ̀ tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ara ẹ̀ ní Igbó Olókun, tó ń rọ orí idẹ, tó ń fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀, gbogbo ìyẹn ní ohun tó lé ní 600 ọdún sẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìlú dó káàkiri wá di ibi tí ò lè tẹ ẹyọ kan dó. Mo bínú títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àna mi tó jẹ́ ará Iléṣà ní kí n yé pariwo, pé wọ́n tiẹ̀ dárúkọ tiyín, wọ́n ò rántí Ìjẹ̀ṣà rárá. Mo ní tó bá jẹ́ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n fi síbẹ̀, òṣómàáló ni wọ́n máa fi gba góòlù yẹn lọ́wọ́ gbogbo wọn, géèmù ò ní lè tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n tá a bá yọ ti ìbínú kúrò, géèmù gidi ni Civilization o, ó gùn, ó jinlẹ̀, tó o bá pàdánù ní alẹ́ o lè tọ́ka sí ohun tó o ṣe láàárọ̀ tó fà á. Mo mú Songhai, mo fún Ifẹ̀ ní góòlù bó ṣe yẹ, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ̀bi ẹ̀ kan ṣoṣo yàtọ̀ sí èyí ni pé o máa ní "ó ku ẹyọ kan kí n sùn," o máa wá gbọ́ ìpè àsùbáà.

Candy Crush Saga (2012). Ìyàwó mi máa bínú sí ibí yìí. Súwíìtì ni, ẹ̀rín ni, ọmọdé lè gbá a, kò sí ìbọn kankan, òun gan-an ló sì fìdí rẹmi jù nínú àwọn tí mo ti kà sílẹ̀. Ẹ̀mí márùn-ún ni wọ́n ń fún ọ, tó o bá lò ó tán, ààbọ̀ wákàtí lo máa fi dúró kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó padà, àfi tó o bá sanwó tàbí tó o bẹ ọ̀rẹ́. Tó o bá sì pàdánù, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé o ò mọ̀ ọ́n gbá, bí súwíìtì ṣe já bọ́ ni, lọ́la á já bọ́ fún ọ o máa rò pé o ti gbọ́n sí i. Ní 2016 wọ́n ta King, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ní owó tó tó bílíọ̀nù 5.9 dọ́là, ṣé ẹ rò pé súwíìtì ni wọ́n rà? Àwa tá a ò lè dúró fún ààbọ̀ wákàtí ni wọ́n rà.

Free Fire ti Garena, 2017. Èyí ló wà lórí fóònù ọmọkùnrin gbogbo ní Ifẹ̀ báyìí, torí pé fóònù tí ò tó nǹkan lè gbé e. Èèyàn 50 á bọ́ sórí erékùṣù kan, wọ́n á máa yìnbọn fún ara wọn, láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti tán, ẹni kan ló kù. Àwọn tó ń sọ pé ó ń sọ ọmọ di ọ̀daràn, mi ò bá wọn débẹ̀. Ó yege nínú ìdánwò àkọ́kọ́, tí wọ́n bá pa ọ́ o mọ ẹni tó pa ọ́ àti ibi tó fara pamọ́ sí. Ìkejì ló ṣe é ní kọ̀ǹkọ̀, wọ́n ń ta dáyámọ́ńdì, aṣọ tí wọ́n ń fi dáyámọ́ńdì rà kò burú, ẹ̀wù lásán ni, àmọ́ àwọ̀ ìbọn tí wọ́n ń rà máa ń fi agbára díẹ̀ kún ìbọn yẹn, ọmọ olówó ti ju ọmọ tálákà lọ kí wọ́n tó já bọ́ nínú ọkọ̀ òfurufú. Ìdajì máàkì. Call of Duty Mobile (2019) dáa jù ú lọ ní ojú àti ní ọwọ́, ṣùgbọ́n á jẹ dátà, á jẹ fóònù, á jẹ orí ẹ.

Minecraft. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹyọ kan fún ọmọ, òun ni kẹ́ ẹ rà. Ará Sweden kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó jáde pátápátá ní 2011, Microsoft ra ilé iṣẹ́ ẹ̀ ní 2014 ní bílíọ̀nù 2.5 dọ́là, èyí tí wọ́n tà sì ti lé ní mílíọ̀nù 300. Búlọ́ọ̀kù ni gbogbo ẹ̀. O máa gé igi, o máa wa kùsà, o máa kọ́ ohun tó bá wù ọ́. Ọmọdébìnrin kan ládùúgbò wa kọ́ ilé alágbàlá kan sínú ẹ̀, pẹ̀lú òjò tó ń dà sí àárín ilé, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, ilé ìyá ìyá ẹ̀ ní Mọ̀òrè ló wò. Owó ẹ̀ẹ̀kan lo máa fi rà á. Ọjà wà nínú ẹ̀ o, ṣùgbọ́n o lè má wọ ibẹ̀ láéláé, kò sì ní bi ọ́.

Tiwa ńkọ́? Maliyo Games ní Èkó wà láti 2012, wọ́n ṣe Okada Ride. Ọgbọ́n inú ẹ̀ dáa, ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ ó tètè sú mi. Ayò orí fóònù náà wà, oríṣiríṣi, ihò 12, ọmọ 48, òfin ẹ̀ pé. Kò sí ohun tó ṣe é àfi pé kò lẹ́nu. Ayò tí ọ̀ta, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, ò lè fi òpè ṣe ẹlẹ́yà nínú ẹ̀, tí ò sẹ́ni tó máa ki ara ẹ̀, tí àwọn òǹwòran ò máa já sí i láìpè wọ́n, ìṣirò ni. Ẹ lọ sí abẹ́ igi lọ ta á.

Ó ku ọ̀kan, òun sì ni mo ń bọ̀ wá bá látìbẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé sí tífí nílé tẹ́tẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní virtual. Ó jọ PES lójú ẹni tí ò mọ̀, wọ́n ń sáré, wọ́n ń gbá góòlù wọlé, ariwo ń sọ. Kò sí páàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ló yan ẹni tó máa borí kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti parí, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó pàdánù ò lè rí ohun tóun ṣe tí ò dáa láéláé torí pé kò ṣe nǹkan kan, ó kàn sanwó ni. Ìbéèrè mi méjèèjì, òdo, òdo. Àwọn ọmọkùnrin tó ń wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ mi nígbà kan, ibẹ̀ ni mo ń bá ọ̀pọ̀ wọn báyìí, wọn ò sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìwé kékeré ló wà lọ́wọ́ kálukú.

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ má bínú sí mi o. Ìpolówó ilé tẹ́tẹ́ kan ló wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ gbé lẹ́tà bàbá yẹn jáde, ojú ewé odindi, virtual ni wọ́n fi síwájú. Mo mọ̀ pé owó ìpolówó lẹ fi ń tẹ̀wé. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa gbé tèmi yìí jáde, àti ojú ewé tó máa bọ́ sí.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì,
Lágere, Ilé-Ifẹ̀.